Góòlù Tí Mo Fi Pamọ́ fún Bàbá Mi

Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n pè mí láti Ọ̀yọ́ pé Bàbá mi ṣubú níbi tí wọ́n ti ń wo bọ́ọ̀lù. Mo fi ìsọ̀ ike mi ní Ọjà Igbó sílẹ̀ láìkó ọjà wọlé, mo wọ mọ́tò ní Ògbómọ̀ṣọ́. Bọ́ọ̀lù tó gbé e ṣubú ọ̀hún, ẹnikẹ́ni ò tiẹ̀ jẹ góòlù níbẹ̀ o. Àwa àti Gánà ni. Ẹ̀ẹ̀mejì la máa pàdé, ẹni tó bá borí ló ń lọ sí Ife Àgbáyé. A ta ọ̀mì, òdo sí òdo, nílé wọn. Ó wá ku ti Àbújá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun.

Nígbà tí mo dé ọsibítù, dókítà pè mí síta. Ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru Bàbá ti kọjá bó ṣe yẹ, pé tí ohunkóhun bá tún já a láyà lọ́sẹ̀ yẹn, òun ò lè fọwọ́ sọ̀yà pé yóò dìde. Oògùn gbọ́dọ̀ wọ ẹnu rẹ̀ láràárọ̀ àti lálaalẹ́. Ti bọ́ọ̀lù, ká má tiẹ̀ dá a sọ.

Ẹ̀rù bà mí, inú sì bí mi. Fìlà ni Bàbá mi ń rán, kò bá ẹnikẹ́ni jà rí láyé rẹ̀, bọ́ọ̀lù ló wá fẹ́ pa á. Nígbà tó di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, a ti gbé e padà sílé; mo ri rédíò rẹ̀ mọ́ inú ìrẹsì, mo pa fóònù rẹ̀, mo jókòó tì í bí wọ́dà.

"Ẹ má bínú, Bàbá."

Ó yíjú sí fèrèsé.

Bẹ́ẹ̀ ta ló nílò rédíò ládùúgbò wa? Tí tiwa bá jẹ góòlù, ariwo á ta láti ilé ìwòran dé títì. Tí Gánà bá sì jẹ tiwọn, kò sẹ́ni tó máa pariwo. Bàbá jókòó, ó na etí.

Kò pẹ́ tí fóònù gbọ̀n lábẹ́ ìró mi. Àbúrò mi ọkùnrin tó wà nílé ìwòran ló kọ ọ́ ránṣẹ́ pé Gánà ti jẹ ọ̀kan. Ìta dákẹ́, Bàbá ò mọ nǹkan kan. Nígbà tó yá, ariwo ta: pẹnáritì tiwa ti wọlé. Bàbá rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ Ẹtì.

"Ọ̀kan sí òdo, àbí?"

Kí ni kí n sọ? Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

Ọ̀kan sí ọ̀kan ló parí sí. Òfin ìgbà yẹn ni pé tí ẹ bá ta ọ̀mì, góòlù tí ẹnì kan jẹ nílé onílé ló wúwo jù. Gánà ló ń lọ nìyẹn. Àwọn èèyàn ń kọjá níwájú ilé wa láìsọ̀rọ̀. Bàbá béèrè ìdí tí wọn ò fi yọ̀, mo ní ó ti rẹ̀ wọ́n. Ó jẹun yó, ó gba oògùn lọ́wọ́ mi, ó sùn. Èmi ò sùn, torí mo mọ̀ pé ilẹ̀ á mọ́.

Balùwẹ̀ ni mo wà nígbà tó yọ́ jáde lọ kírun àsùbáà. Kí n tó wọṣọ tán, àgbà méjì láti mọ́ṣáláṣí ti ń fà á lọ́wọ́ bọ̀ bí afọ́jú. Ọ̀kan pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní:

"Ẹ máa ṣọ́ Bàbá o. Lẹ́yìn ìrun ló dìde pé ká bá òun ka Fátíhà, pé a ti wọ Ife Àgbáyé. Àìsàn yẹn ti dé orí."

N kò lè sọ pé orí Bàbá pé, pé èmi ni mo purọ́. Ojú tì mí. Oòrùn ò tíì yọ dáadáa tí oníbàárà kan tó ti gbọ́ pé orí Bàbá ò pé fi wá gba aṣọ òfì fìlà rẹ̀ padà. Bàbá fúnra rẹ̀ ló ká a lé e lọ́wọ́.

Ó wá yíjú sí mi. "Ọ̀kan sí mélòó?"

"Ọ̀kan sí ọ̀kan, Bàbá."

Ó mi orí. Mo bu omi, mo gbé oògùn àárọ̀ wá. Ó wò ó nínú àtẹ́lẹwọ́ mi.

"Kí ni èyí?"

"Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ni."

"O ní bẹ́ẹ̀," ló wí. Kò gbà á, ó kọjú sí ògiri.