Ọwọ́ Tó Kun Clodagh

Ohun méjì ni Dervla Hanratty ń lé lọ́dún náà: kí ó di ọ̀gá ara rẹ̀, kí ó sì jẹ́ pé ọwọ́ rẹ̀ ni yóò kun àbúrò rẹ̀, Orlaith, lára fún ìgbéyàwó rẹ̀ nínú oṣù kẹjọ. Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń di adìẹ sínú ọ̀rá, níbi tó ti lo ìgbà èwe rẹ̀ tán, ti kógbá sílé. Ẹni tó ti lé lógójì ọdún tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nílùú Dundalk, bó bá jókòó lásán, tíì ni yóò máa mu títí ilẹ̀ á fi ṣú. Dervla kò jókòó. Ó lọ bá Jacinta Coyle, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti ilé ẹ̀kọ́ àwọn sísítà, tó ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń kun ara, ó ní òun fẹ́ kọ́ iṣẹ́ ara kíkùn.

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Bí àwọn kan ṣe ń bóra níbòmíràn kí wọ́n lè pupa, bẹ́ẹ̀ ni àwọn obìnrin ibí ń sanwó kí wọ́n lè dúdú díẹ̀. Òjò kì í jẹ́ kí oòrùn rí wọn. Ẹni tó bá gbé ẹsẹ̀ funfun báláú lọ síbi ìgbéyàwó, wọn á bi í bóyá ara rẹ̀ kò yá.

Iṣẹ́ náà le ju bó ṣe rí lójú lọ. Oníbàárà á bọ́ra sílẹ̀ ku pátá bébà, á dúró nínú àgọ́ kékeré kan, ẹni tó ń kùn ún á máa fi ẹ̀rọ fọ́n oje tó ń mú ara dúdú sí i lára bí ìrì. Ìpara ni wọ́n ń kọ́kọ́ fi pa orúnkún, ìgbọ̀nwọ́ àti àtẹ́lẹwọ́, nítorí ibi tí awọ bá ti le ló ń mu oje jù. Ọwọ́ ò sì gbọdọ̀ dúró lójú kan. Gbogbo ìgbà òtútù ni Dervla fi kọ́ ọ lára ẹsẹ̀ tirẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ó lọ gba ara Olúwa pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó rí tótòtó bí ìyẹ́ ẹtù.

"Kí ló ṣe ẹ́ lẹ́sẹ̀?" Orlaith bi í lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì.

"Ẹ̀kọ́ ni."

"Kí ẹ̀kọ́ yẹn má dé ara tèmi o."

"Tìẹ á dùn-ún wò. Wọ́n á rò pé Sípéènì lo ti ń bọ̀."

Nígbà tó fi máa di oṣù karùn-ún, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ti mọ́. Jacinta fúnra rẹ̀ sọ lójú àwọn oníbàárà pé ọwọ́ Dervla fúyẹ́ ju tòun lọ. Ó ṣèlérí fún un: "Yàrá ṣọ́ọ̀bù mi tó kọjú sí títì yẹn, tìẹ ni lẹ́yìn ìgbéyàwó Clodagh Meegan, wàá máa dá ṣiṣẹ́ tìẹ níbẹ̀." Ọmọ alápatà ni Clodagh, kò sì sẹ́ni tí ìyá rẹ̀ kò mọ̀ nílùú. Ẹni tó bá kun Clodagh, kó yáa mọ̀ pé ojú gbogbo Dundalk lòun ń kùn.

Oje méjì ló wà ní ṣọ́ọ̀bù náà. Èyí tó fúyẹ́ wà fún ìyàwó. Èyí tó dúdú dáadáa wà fún àwọn ọmọbìnrin tó ń jó ijó ìbílẹ̀ fún ife-ẹ̀yẹ, torí iná orí pèpéle máa ń jẹ àwọ̀ lára wọn. Lọ́jọ́bọ̀ tí ìgbéyàwó Clodagh ku ọjọ́ méjì, Dervla mú ìgò ti ìyàwó, ó kun Clodagh láti ọrùn ẹsẹ̀ dé ọrùn. Ó mọ́ débi pé òun gan-an dúró wò ó. Clodagh wọ aṣọ gbàgẹ̀rẹ̀, ó lọ sùn sínú àwọ̀ náà kó lè mú, bí gbogbo wọn ti ń ṣe, torí òru ni àwọ̀ ọ̀hún máa ń jáde tán.

Ó wẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, àwọ̀ kò ṣí. Ìyá rẹ̀ wọ́ ọ wá sí ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú ẹkún. Clodagh rí bí àga onípákó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn.

"Ta ló ṣe eléyìí sí ọmọ mi?"

Jacinta fa Dervla wọ yàrá ẹ̀yìn, ó ti ilẹ̀kùn.

"Èmi ni," ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Oje àwọn oníjó ṣẹ́kù lọ́jọ́ Àìkú, mo dà á mọ́ ti ìyàwó. O mọ̀ mí, mi ò lè da nǹkan nù. Mo gbàgbé láti sọ fún ẹ."

Ọkàn Dervla balẹ̀. Ó rò pé ọ̀rọ̀ ti bùṣe.

"Ó dáa, jẹ́ ká jáde lọ sọ fún wọn."

"Fetí sílẹ̀ ná. Ṣọ́ọ̀bù lèmi ní. Ìwọ ṣì ń kọ́ṣẹ́, wọ́n máa ń dárí ji ẹni tó ń kọ́ṣẹ́. Ṣáà ti dákẹ́. Tí ṣọ́ọ̀bù yìí bá bàjẹ́, yàrá tìẹ náà bá a lọ nìyẹn."

Wọ́n jáde. Jacinta káwọ́ síwájú.

"Ẹ má bínú, Mísíìsì Meegan. Akẹ́kọ̀ọ́ ló kùn ún. Mo kìlọ̀ fún un o, kò gbọ́."

Ìkìlọ̀ wo? Ìyẹn kò sí nínú ohun tí wọ́n jọ sọ. Dervla wo ẹnu ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó sì dákẹ́, nítorí yàrá tó kọjú sí títì, àti nítorí ọ̀rẹ́ láti ilé ẹ̀kọ́ kì í ṣe ọ̀rẹ́ ọjọ́ kan. Ẹni tí a ní kó fẹ́ ni lójú, ata ló fi sẹ́nu.

Wọ́n fi ọsàn wẹ́wẹ́ bó Clodagh títí ara rẹ̀ fi pọ́n, síbẹ̀ àwọ̀ náà bá a dé iwájú pẹpẹ. Kò sẹ́ni tó dárí ji ẹni tó ń kọ́ṣẹ́. Bí Dervla bá tò sórí ìlà láti ra búrẹ́dì, wọ́n á ní, "Dervla, pákó ọgbà mi ti ṣá, wá bá mi kùn ún." Jacinta ní kó jẹ́ kí ariwo rọlẹ̀ ná, ó ní kó máa fọ táwẹ́ẹ̀lì. Kò pẹ́, obìnrin kan láti Drogheda kó wọ yàrá náà. Dervla kò padà síbẹ̀ mọ́. Ó dùn ún wọnú egungun.

Orlaith nìkan ló tú àṣírí oje náà fún. Orlaith dì mọ́ ọn.

"Mo gbà ẹ́ gbọ́. Inú Jacinta yẹn ò mọ́ láti kékeré."

Ìyẹn gbé Dervla ró. Ó ra ẹ̀rọ àlòkù, ó gbé àgọ́ kalẹ̀ ní pálọ̀ rẹ̀, ó ń retí oṣù kẹjọ. Bí ìlú bá rí Orlaith, ìlú á mọ ọwọ́ ta ni ọwọ́.

Ọ̀sẹ̀ tí ìgbéyàwó kù sí dẹ̀dẹ̀, Orlaith pè é.

"Jacinta ló máa kun gbogbo wa. Ìwọ náà, o ò kúkú ní fi ẹsẹ̀ funfun tẹ̀lé mi."

"Jacinta wo?"

"Dervla, jọ̀ọ́. Mo gbà ẹ́ gbọ́, o mọ̀. Àmọ́ ìyá ọkọ mi rí Clodagh. Kí ni màá sọ fún un? Ọjọ́ kan ṣoṣo ni."

Bí Dervla ṣe rí ara rẹ̀ nínú àgọ́ Jacinta nìyẹn, pátá bébà nídìí, ó fi apá bo àyà. Ẹ̀rín Orlaith àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń wọlé láti ẹ̀yìn aṣọ ìkélé.

"Gbé apá sókè, ọ̀rẹ́," Jacinta wí. Ó fọ́n oje náà, ó tutù nini. Lẹ́yìn náà ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ṣé o sọ fún ẹnikẹ́ni?"

"Orlaith."

Ọwọ́ Jacinta dúró díẹ̀, ó sì tún ń lọ.

"Ó mọ̀, ó sì tún pè mí," ó wí. "Yí ẹ̀yìn."

Dervla yí ẹ̀yìn.