Àgbá Kan fún Capucine

Láti oṣù kẹrin títí dé ìgbà ìkórè ni Anselme Courtaud ń bá ojú ọ̀run jà, ojú ọ̀run ò sì dá a lóhùn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Láàárọ̀, á jáde, á gbójú sókè, á bú òjò. Lọ́sàn-án, á bú èbu tó ń jẹ ewé àjàrà rẹ̀. Tó bá di ìrọ̀lẹ́ tí kò rí ẹlòmíràn bú mọ́, á bú Firmin, àbúrò ìyàwó rẹ̀, tó ń dáko àjàrà tiẹ̀ lọ́hùn-ún ní gúúsù. Huguette ìyàwó rẹ̀ á ní, “Bàbá Roselyne, kí ni Firmin ṣe fún yín?” Á ní kò ṣe nǹkan kan, pé ìyẹn gan-an ló ń bí òun nínú.

Ẹ má dá bàbá lẹ́bi. Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin ni, ó sì ti tó àádọ́ta ọdún tó ti ń ṣe wáìnì funfun lórí òkè ẹ̀yìn ìlú Chablis, nílẹ̀ Faransé. Ọdún burúkú kì í ṣe àlejò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọdún yìí ni Roselyne ọmọ rẹ̀ bí Capucine.

Nílé Courtaud, bí wọ́n bá bí ọmọ, wáìnì ọdún yẹn gan-an ni wọ́n máa ń tọ́jú fún un, ó sì gbọ́dọ̀ jẹ́ láti ara ilẹ̀ kékeré tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n á rọ ọ́ sí ìgò, wọ́n á kọ orúkọ ọmọ àti ọdún sí i, wọ́n á tò ó sí àjà ilẹ̀, ó di èèwọ̀ títí ọmọ á fi pé ọdún mọ́kànlélógún. Baba Anselme ṣe é fún un. Òun náà ṣe é fún Roselyne, ó sì ṣe é fún Gaspard, ẹ̀gbọ́n Capucine. Ọdún ti Gaspard dára débi tí àwọn ará abúlé fi ń sọ pé ọmọ náà wo ojú ọjọ́ kó tó wá. Wáìnì tó máa pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ nínú ìgò, èso tó gbó dénú ni wọ́n fi ń ṣe é. Èso tí kò gbó kì í dàgbà, ṣe ló máa ń darúgbó.

Capucine dé lọ́jọ́ tó kẹ́yìn oṣù kẹta. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn rẹ̀ tí ìrì dídì fi balẹ̀ sórí èéhù àjàrà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọjú. Gbogbo abúlé ló tan àbẹ́là ńláńlá sáàárín igi láti lé òtútù, èéfín bo òkè mọ́lẹ̀, wọ́n ń wúkọ́ títí ilẹ̀ fi mọ́. Nígbà tí oòrùn máa ràn, èéhù ti rọ, ó ti dúdú bí ewé tábà.

Kò sí ẹni tí kò pàdánù. Àmọ́ Léonce, tí ilẹ̀ rẹ̀ bá ti Anselme pààlà, ṣì rí nǹkan mú bọ̀, nítorí ó fi ẹ̀ka àpamọ́ sílẹ̀. Ẹ̀ka kan ni wọ́n máa ń dá sí lórí igi kọ̀ọ̀kan, pé bí òtútù bá pa ti ìsàlẹ̀, ti òkè á so. Wọn kì í gé e àfi tí ọjọ́ àwọn Ẹni Mímọ́ Olótùútù mẹ́ta bá ti kọjá láàárín oṣù karùn-ún. Ọmọ ọdún méje mọ̀ bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. Léonce béèrè ibi tí ẹ̀ka àpamọ́ ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì wà. Anselme ní òtútù ló pa á. Léonce wo ojú ibi tí wọ́n ti gé igi, ó wo ojú Anselme, ó ní kí àwọn máa lọ jẹun. Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run.

Lẹ́yìn náà ni òjò wá gba ìjọba. Anselme á fọ́n oògùn lọ́jọ́ Ajé, òjò á fọ̀ ọ́ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Nígbà tí Sylvère, tó ń ta àgbá kiri gbogbo ilẹ̀ Faransé, dé lóṣù kẹjọ, Anselme ò tiẹ̀ kí i tán tó fi bi í bí ọ̀ràn ṣe rí níbòmíràn. Sylvère ní ní Bordeaux, èbu jẹ ewé débi pé èso pupa ò rí oúnjẹ jẹ, ẹni tó bá ní sùúrù láti ṣà á lọ́kọ̀ọ̀kan ló máa rí wáìnì gidi, kò sì ní pọ̀. Ní gúúsù, òtútù mú wọn lóòótọ́, ṣùgbọ́n oòrùn padà wá tọrọ àforíjì: èso kéré, ó sì dùn. Ní Champagne ńkọ́? Òjò bà wọ́n jẹ́, àmọ́ ọkàn wọn balẹ̀, wáìnì ọdún àtẹ̀yìnwá wà nílẹ̀ tí wọ́n máa pò mọ́ ọn.

“Àwọn yẹn lè fi ẹ̀gbọ́n bo àbúrò láṣìírí,” ni Anselme wí. “Èmi ńkọ́? Ọdún kan, orúkọ kan.” Kò ra àgbá kankan. Kí ló fẹ́ rọ sí i?

Firmin ò jẹ́ kó sinmi. Ó pè lórí fóònù, ó ní kí ẹ̀gbọ́n òun jẹ́ kí òun fi àpótí mẹ́wàá ránṣẹ́ sí ọmọ náà, pé wáìnì tòun lọ́dún yìí, ológbò mu ún, á kọrin.

“Wáìnì gúúsù fún ọmọ tèmi?” ni Anselme wí. “Ṣé ó ti di ọmọ òrukàn ni?” Ó pa fóònù.

Oṣù kẹwàá ni wọ́n tó kórè. Ilẹ̀ ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì, tó máa ń kún àgbá mẹ́fà, kún àgbá kékeré kan péré. Anselme ń lọ wò ó lójoojúmọ́ bí ẹni tó ní aláìsàn nílé. Ó ń tọ́ ọ wò, ó ń fajú ro, ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé ó ṣì máa rọ̀.

Lóṣù kejì ọdún tó tẹ̀ lé e, Roselyne gbé ọmọ wá. Òun náà mọ wáìnì, inú àjà ilẹ̀ yẹn ni wọ́n tọ́ ọ dàgbà. Ó fa díẹ̀ nínú àgbá, ó yí i lẹ́nu, ó tu ú dànù.

“Bàbá, ó kan.”

“Ó máa rọ̀.”

“Kò ní rọ̀. Kò ní ara. Ẹ jẹ́ ká gba díẹ̀ lọ́wọ́ Bàbá Léonce, ẹ pò ó mọ́ ọn. Ó ní òun máa fún wa. Ta ló máa mọ̀?”

Òótọ́ ni, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Anselme wo àgbá, ó wo ọmọ tó ń sùn léjìká ìyá rẹ̀.

“Àfi ohun kan tí kò yé mi,” ni Roselyne tún wí. “Ti Bàbá Léonce yè, tiwa kú tán. Ṣé ẹ̀ka àpamọ́ tiwa ò so rárá ni?”

“Mo ti gé e.”

“Ẹ gé e? Nígbà wo?”

“Lóṣù kẹta.”

Ká ní ọmọṣẹ́ ló ṣe bẹ́ẹ̀, bàbá yìí á ti lé e dé Paris. Ọdún kan gbáko ló fi bú òjò, tó bú èbu, tó bú Firmin tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Roselyne bi í pé kí ló dé. Anselme ní kó má da òun láàmú, kó gbé ọmọ gòkè, òtútù wà níbí.

Kò gba wáìnì Léonce. Nígbà tí wọ́n rọ wáìnì sí ìgò tán, ó jókòó, ó kọ orúkọ Capucine àti ọdún sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó wá rò ó pé bí ọmọ yìí bá pé mọ́kànlélógún, òun á ti sún mọ́ àádọ́rùn-ún ọdún, bóyá òun ò sì ní sí níbẹ̀ láti wí tẹnu òun. Ó ya ìwé kan, ó kọ nǹkan sí i, ó so ó mọ́ ọrùn ìgò àkọ́kọ́. Roselyne ló bá a tò wọ́n, òun ló sì kà á.

“Capucine, wáìnì yìí kan. Fi ẹja mu ún, á sàn díẹ̀. Wọ́n á sọ fún ọ pé òtútù ló bà á jẹ́. Irọ́ ni. Èmi bàbá ìyá rẹ ni mo gé ẹ̀ka àpamọ́ kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé, kí iṣẹ́ lè tán nílẹ̀. Wọ́n ní ìyá rẹ ti ń rọbí nílé ìwòsàn ní ìlú Auxerre. Ìwọ ni mo ń kánjú lọ gbé.”