Àlìkámà Tó Tètè Funfun

Òórùn ilẹ̀ Thamesmead ní London lẹ́yìn òjò kò jọ ti ilé. Àbàtà ni ibẹ̀ kí wọ́n tó kọ́ ilé sí i, ilẹ̀ rẹ̀ sì ṣì máa ń rùn bí ẹrẹ̀ etí odò. Bí mo bá gbọ́ òórùn yẹn lónìí, ìgbà tí wọ́n ń kọ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n Belmarsh lọ́wọ́ ni ọkàn mi máa ń lọ, nígbà tí èmi àti Mummy ń ro oko nítòsí ibẹ̀. Mummy kọ́ ló bí mi. Ìyá àgbà kan ni nínú ìjọ Aládùúrà wa ní Woolwich, òun ló sì gbà mí sílé ní Barnfield nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Èkó pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí ìwé mẹ́wàá àti ẹ̀wù òtútù tí kò nípọn tó. Mo ń tọ́jú àwọn arúgbó, òun ń tún ọ́fíìsì ṣe. Bó bá di ọ̀sán Sátidé, a ó wọ bọ́ọ̀sì lọ sí oko. Ilẹ̀ káńsù ni, wọ́n pín in kéékèèké fún ẹni tó bá fẹ́ gbin nǹkan.

Àwọn tó yí wa ká ń gbin àlùbọ́sà, ànàmọ́ àti òdòdó. Àlìkámà ni Mummy ń gbin. Ní ọdún tó kọ́kọ́ dé ìlú òyìnbó, àyà ń dun ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ náà sì dùbúlẹ̀ sí ọsibítù ní gbogbo ìgbà òtútù. Mummy jẹ́ ẹ̀jẹ́ pé bí ọmọ bá dìde, búrẹ́dì tí òun fi ọwọ́ ara òun gbin àlìkámà rẹ̀ ni òun yóò máa gbé wá síwájú Ọlọ́run níbi ìdúpẹ́ ìkórè lọ́dọọdún. Ọmọ dìde. Nígbà tí mo fi mọ̀ ọ́n, ó ti ń wa bọ́ọ̀sì, kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n Mummy kò yẹ ẹ̀jẹ́ rẹ̀ rí.

Wòlíì ìjọ wa ló wá ya ebè àlìkámà náà sí mímọ́. Ó gbàdúrà, ó wọ́n omi sí igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, láti ọjọ́ náà ni a sì ti ń bọ́ bàtà kí a tó tẹ ibẹ̀. Bàbá òyìnbó tó ní oko ẹ̀gbẹ́ wa bi mí léèrè nígbà kan bóyá bàtà wa ń fún wa lẹ́sẹ̀ ni. A kì í fi dòjé gé àlìkámà yẹn, nítorí Mummy ní odindi ni ohun ẹ̀jẹ́ gbọ́dọ̀ dé iwájú Ọlọ́run. A ó fà á tu tigbòǹgbò-tigbòǹgbò, a ó yọ ọkà búrẹ́dì lára díẹ̀, a ó di ìyókù ní ìtí, a ó sì fi aṣọ funfun wé ìdí rẹ̀ kí ẹrẹ̀ má baà kán sílẹ̀ níwájú pẹpẹ. Lẹ́yìn ìsìn, ohun tó ti dé iwájú pẹpẹ kò ṣe é jù sínú bíìnì ìdọ̀tí káńsù. A ó gbé e padà sí oko, a ó gé e wẹ́wẹ́, a ó ro ó mọ́ ilẹ̀ tó ti hù, àti pòròpórò àti gbòǹgbò, a ó sì gbin òmíràn síbẹ̀. Mo rò nígbà náà pé kò sí oko tó mọ́ bíi tiwa ní gbogbo London.

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà, ṣírí àlìkámà wa bẹ̀rẹ̀ sí í funfun nígbà tí gbogbo ewéko àgbègbè náà ṣì tutù yọ̀yọ̀. Ó funfun bíi sùtánà wa. Lójú ìjọ tó ń wọ aṣọ funfun, tó sì ń gbọ́ ìwàásù lọ́dọọdún nípa oko tó funfun fún ìkórè, kí ni à bá pè é? Mummy kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ebè náà. Èmi náà kúnlẹ̀. Àwọn ìyá ìjọ wọ bọ́ọ̀sì wá wò ó, ọ̀kan nínú wọn sì ní, "Mummy, ọwọ́ yín ti tó ibi tí ọwọ́ tiwa ò tó." A kọrin. Èmi tí mo kọ́ ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọ̀gbìn ní ilé ẹ̀kọ́ girama, ohùn tèmi ló ròkè jù.

Nígbà tí a wá fi ọwọ́ ra ṣírí náà, ìyàngbò ló kù sí wa lọ́wọ́. Ọkà tí a rí nínú gbogbo ebè kò kún ife tíì kan. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ọmọ Mummy bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́.

"Mummy, you worry too much," ó wí. "Ikọ́ lásán ni. Eruku ojú ọ̀nà ni."

"Dákẹ́. Ṣé o wà níbẹ̀ nígbà tí mo ń bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ ni?"

Ohun tó ń jẹ Mummy lọ́kàn yé mi. Ó gbà pé Ọlọ́run ti kọ ọrẹ òun, àti pé ọmọ ni yóò fara gbá a. Ó pinnu láti fi ààwẹ̀ kún àdúrà, kó sì gbin irúgbìn tó pọ̀ sí i sórí ebè kan náà. Èmi ní tèmi lọ béèrè oògùn tí a lè fín sí i ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Powis Street. Ẹni tó ń tajà wò mí bí ẹni pé mo béèrè fún ìyẹ́ àparò.

Bàbá òyìnbó ẹ̀gbẹ́ wa ló fa ìdí àlìkámà kan tu, tó gbọn ẹrẹ̀ ara rẹ̀ nù, tó sì nà án sí mi. Gbòǹgbò rẹ̀ dúdú bí èédú. Inú ìkòkò dúdú ni ẹ̀kọ funfun ti ń jáde lóòótọ́, ṣùgbọ́n ṣírí òfìfo ni gbòǹgbò dúdú yìí bí fún wa.

"Kò sí oògùn rẹ̀ nínú ìgò," ó wí. "Inú ilẹ̀ ni àrùn yìí ń gbé. Ara gbòǹgbò àtijọ́ ló ń fara pamọ́ sí, títí ẹ ó fi gbin àlìkámà mìíràn fún un jẹ. Ẹ gbin ohun tí kò lè jẹ, bí ẹ̀wà. Ẹ sì hú koríko etí oko yìí, ó ń gbé lára rẹ̀ náà. Kí lẹ máa ń fi gbòǹgbò ti ọdún tó kọjá ṣe?"

Mo sọ fún un. "Ẹ̀yin lẹ ń gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì nìyẹn," ó wí, "ẹ̀yin náà lẹ tún ń gbé e padà wálé."

Mummy kò fẹ́ gbọ́. "Kí n gbin ẹ̀wà sí ilẹ̀ mímọ́? Ṣé wàá din àkàrà lórí pẹpẹ ni?"

Mo jẹ́ kí inú rẹ̀ rọ̀. Lẹ́yìn náà ni mo bi í pé, "Mummy, bàbá yín ní Èkìtì, ṣé ojú kan náà ni wọ́n máa ń gbin iṣu sí lọ́dọọdún?"

"Ojú kan náà kẹ̀? Ṣé orí bàbá mi dàrú ni? Ṣebí ilẹ̀ á ṣá."

Mo ń bó ẹ̀pà lọ.

"Ọlọ́run fúnra rẹ̀ sinmi," ó wí. "Èmi ni mi ò jẹ́ kí ilẹ̀ rẹ̀ sinmi."

A hú gbogbo gbòǹgbò náà, a hú koríko etí oko, a sì sun wọ́n, nítorí Mummy ní iná nìkan ló yẹ ohun tó ti dé iwájú pẹpẹ. Ọkà tí kò kún ife kan yẹn la fi ṣe búrẹ́dì ìkórè ọdún náà, kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ẹ̀wà pẹlẹbẹ tí àwọn òyìnbó máa ń gbin la gbìn sórí ebè náà. Ó so wọ̀ǹtìwọnti. Nígbà tí ìkórè dé, Mummy bó èèpo rẹ̀, ó lọ̀ ọ́, ó sè é ní mọ́ínmọ́ín, ó sì gbé abọ́ lọ síwájú ìjọ. Mo rí àwọn ìyá ìjọ tí wọ́n ń wo ara wọn.

"Ìyá, búrẹ́dì dà?" Wòlíì béèrè.

"Ilẹ̀ ń sinmi, Bàbá. Ohun tí ilẹ̀ fi sinmi ni mo gbé wá."

Wòlíì wo abọ́, ó wo Mummy. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Lẹ́yìn ìsìn, ọmọ Mummy, tí kò wúkọ́ mọ́ láti ọjọ́ pípẹ́, wọlé pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ bọ́ọ̀sì lọ́rùn, ó ní ebi ń pa òun. Ó mú mọ́ínmọ́ín kan. Mummy ń wo ẹnu rẹ̀ títí tó fi gbé e mì, nígbà náà ni Mummy tó jókòó.

Láti ìgbà yẹn, a kọ ebè kejì, àlìkámà àti ẹ̀wà ń pààrọ̀ ebè fún ara wọn, Wòlíì sì wá wọ́n omi sí èkejì. Ilẹ̀ Èkìtì ni Mummy sùn sí báyìí. Èmi ni mo ń dáko náà. Mo ṣì ń bọ́ bàtà, mo ṣì ń fa àlìkámà tu ní odindi. Bí àwọn ọ̀dọ́ ìjọ bá tẹ̀ lé mi, tí wọ́n ń yìn mí pé ṣírí náà mà dára o, mo máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Lẹ́yìn náà, kí n tó fi aṣọ funfun wé ìdí rẹ̀, mo máa ń dorí ìtí náà kodò, mo máa ń fi omi ṣan ẹrẹ̀ rẹ̀, mo sì máa ń wo gbòǹgbò.