Ẹ̀jẹ̀ Ta Ni Kò Dára Nínú Àwa Méjèèjì?

Ayé Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ni, nígbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ dé, tí ọmọ tó bá ti lè na ọwọ́ kọjá orí fi kan etí rẹ̀ kejì ti di ọmọ iléèwé. Èmi ni tíṣà àwọn kékeré ní Òjòwò. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ́kọ ni, oyún àkọ́kọ́ wà nínú mi, mo sì tín-ín-rín bí igi ìṣáná. Ìyálé mi, ìyàwó ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, lóyún pẹ̀lú. Ọmọ Èfìrè ni, láti etí ọ̀sà, ẹja gbígbẹ ló ń tà. Ó sanra, ó sì fẹ́ràn ẹ̀rín tó bẹ́ẹ̀ tí oníbàárà rẹ̀ fi ń gbàgbé láti ná ọjà.

Agbo ilé kan náà là ń gbé ní Òkè-Agbo, nínú ìlú kan náà. Agbẹ̀bí tó wà ládùúgbò wa ló mú àṣà tuntun kan dé: ó ń fa ẹ̀jẹ̀ aboyún sínú ìgò kékeré, ó sì ń fi ránṣẹ́ sí ọsibítù ńlá ní Ìjẹ̀bú-Òde, kí wọ́n lè wò ó bóyá ewu kan ń bẹ tí ojú lásán kò rí. Àwọn obìnrin kùn. Ọ̀kan ní, "Ẹ̀jẹ̀ mi á wọ mọ́tò lọ sí Òde, èmi tí mo ni ín á wà nílé máa fi ẹsẹ̀ rìn."

Ìyá ọkọ wa ló mú àwa méjèèjì lọ. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé níwájú ìyá ọkọ, ìyàwó kì í yọ ẹnu sọ̀rọ̀ kí ìyá tó sọ. Nígbà tí agbẹ̀bí béèrè orúkọ, ìyá ló dáhùn. Ó na àyà, ó dárúkọ bàbá ọkọ wa fún ìgò tèmi, ó tún dá orúkọ kan náà fún ìgò ti ìyálé mi. "Ìyàwó ilé wa ni àwọn méjèèjì," bẹ́ẹ̀ ló wí. Orúkọ tí bàbá mi sọ mí wà ní ọ̀fun mi, mo gbé e mì.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, bí bàbá ọkọ wa ti ń jáde ní mọ́ṣáláṣí, awakọ̀ gẹdú kan dá lọ́rì dúró, ó sì bọ́ sílẹ̀.

"Bàbá, ẹ kú ọjọ́ Jímọ̀. Ọsibítù Òde ní kí n sọ fún yín pé ẹ̀jẹ̀ ìyàwó yín kò dára. Wọ́n ní kó má ṣe bímọ sílé, kó tètè máa bọ̀."

"Ìyàwó èwo?"

"Wọn ò sọ fún mi pé ó ju ẹyọ kan lọ, Bàbá."

Agbẹ̀bí tí à bá bi léèrè ti lọ sí Ìbàdàn lọ sìnkú ìyá rẹ̀. Nígbà tí bàbá jíṣẹ́ náà fún wa lágbàlá, gbogbo ojú yí sí mi. Ìyá ọkọ wa ní kò tún sí ohun tí a ń rò. "Tíṣà ni. Ṣé ẹ ò rí ọrùn rẹ̀ ni?" Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ẹ̀dọ̀ màlúù ti wà níwájú mi, wọ́n sì jókòó tì mí kí n má baà fi fún ológbò.

Ẹ̀rù bà mí, ẹ̀yin èèyàn mi. Èmi tí mo ń sọ fún ọmọ ọlọ́mọ pé kó dákẹ́ ẹkún, mo dúró níwájú pátákó, mo kọ lẹ́tà kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, n kò mọ̀. Mo ń wo àtẹ́lẹwọ́ mi, mo ń wo èékánná, mo ń bi ara mi bóyá ọmọ inú mi mọ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rù kejì tún gun ti àkọ́kọ́ lẹ́yìn: bí kì í bá ṣe èmi ńkọ́? Ìyálé mi ti ń di ẹrù láti lọ bímọ lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Èfìrè. Tí ẹ̀jẹ̀ bá sì dà níbẹ̀, ọkọ̀ ojú omi ni yóò kọ́kọ́ gbé e kó tó kan mọ́tò.

Mo lọ bá a nídìí ẹja.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má tíì lọ sí Èfìrè. Ẹ jẹ́ ká jọ lọ sí Òde."

"Kí n lọ ṣe kí ni? Ẹ̀fọn tó bá mu ẹ̀jẹ̀ tèmi yó, kì í lè fò mọ́."

Mo rí i pé àlàyé kò ní wọ̀ ọ́ létí. Ìyálé kì í sì í kọ̀ láti sin ìyàwó rẹ̀ lọ síbi tó ń bà á lẹ́rù, nítorí náà mo sọ òtítọ́ tó kù. "Ẹ̀rù ló ń bà mí. Ẹ sìn mí lọ."

Ó fi ẹja ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Ìwọ tó ń na ọmọ ọlọ́mọ. Ó dáa, n ó sìn ọ́. Bí wọ́n bá fẹ́ gún ọ lábẹ́rẹ́, n ó bá wọn dì ọ́ mú."

Nígbà tí a bọ́ sílẹ̀ nínú lọ́rì, òkè kékeré kan la ní láti gùn kí a tó dé ẹnu ọ̀nà ọsibítù. Ìyálé mi dúró lẹ́ẹ̀mejì láti mí. Ó ní èéfín ẹja ló dí òun láyà.

Nọ́ọ̀sì kan bi wá pé èwo nínú wa ni wọ́n ránṣẹ́ pè. Mo ní àwa méjèèjì. Ó mí kanlẹ̀, ó gún ìka mi, ó gún ti ìyálé mi, ó sì kán ẹ̀jẹ̀ wa sórí bébà funfun, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Kò sẹ́ni tó ní láti ṣàlàyé fún mi. Tèmi pupa. Tirẹ̀ dà bí omi tí wọ́n fi ṣan igbá osùn.

Ara mi kọ́kọ́ fúyẹ́. Lẹ́yìn náà ni mo wo ojú ìyálé mi.

Nọ́ọ̀sì fa ìpéǹpéjú ìyálé mi sílẹ̀, ó wo inú rẹ̀. "Màmá, ta ló sìn yín wá?"

"Èmi ni mo sin èèyàn wá," ìyálé mi wí, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀.

Wọn kò jẹ́ kó padà. Wọ́n ní kí àwọn ọkùnrin ilé wá fún un lẹ́jẹ̀, kí ó wà nílẹ̀ de ìrọbí. Ti ọkọ rẹ̀ kò bá tirẹ̀ mu. Ti àbúrò àwọn ọkọ wa ló mu, èyí tó ń gé gẹdú, tó ga bí ìrókò. Bó ti rí abẹ́rẹ́ ló ṣubú lulẹ̀. Ìgbà tó wà nílẹ̀ náà ni wọ́n fà á.

Ìrọbí dé ní ọ̀sán ọjọ́ kejì. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta, mo gbé bàtà ìyálé mi lé itan. Mo gbọ́ ẹkún ọmọ. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹsẹ̀ àwọn nọ́ọ̀sì tó ń sáré, lẹ́yìn ìyẹn, n kò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rò bí n ó ṣe wọ agbo ilé pẹ̀lú bàtà náà, àti ẹni tí n ó kọ́kọ́ wò lójú.

Ó pẹ́ kí wọ́n tó ní kí n wọlé. Ọmọ ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyálé mi. Ètè rẹ̀ funfun bí ẹ̀kọ, ìgò ẹ̀jẹ̀ rọ̀ lókè orí rẹ̀, ó ń kán sí i lára. Ó la ojú kan.

"Ẹ̀jẹ̀ ta nìyẹn?"

"Ti oní-gẹdú wa ni."

"Ẹni tó ṣubú?" Ó mí díẹ̀. "Ní kí wọ́n dá a dúró. N kò fẹ́ di ojo."

Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, agbára rẹ̀ kò gbé e. Mo bá a rín in, omijé ń bọ́ lójú mi, mo sì di ọwọ́ rẹ̀ tútù náà mú títí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ wọ́ọ́rọ́.