Létà Tí N Kò Kà Dópin

Àwọn ọ̀dọ́ ṣọ́ọ̀ṣì wa ní kí n wá bá àwọn sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ Sátidé, lórí ohun tí èèyàn wá ṣe láyé àti bí a ṣe ń lé àfojúsùn bá. Wọ́n tún fẹ́ mọ ohun tí mo rò nípa ọ̀la ọmọ aráyé. Wọ́n ní mo yege: mo fẹ̀yìn tì níṣẹ́ ìjọba, mo nílé ní Festac. Ẹ wò ó, ìjà ni mo fi wọ ilé yìí. Ẹ̀jẹ̀ èèyàn ta sára ilẹ̀kùn rẹ̀ kí n tó fi ẹsẹ̀ tẹ yàrá.

Lẹ́yìn tí àjọ̀dún àṣà ńlá tí wọ́n tìtorí ẹ̀ kọ́ Festac parí, tí àwọn àlejò ti lọ tán, ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í pín ilé Festac. Akọ̀wé kékeré ni mí nígbà náà, èmi náà sì forúkọ sílẹ̀. Yàrá kan ṣoṣo lèmi àtìyàwó mi ń gbé ní Alákijà, balùwẹ̀ kan fún gbogbo ilé, àràárọ̀ la sì ń jà níbẹ̀. Mo ti fọ́ ọkùnrin kan lẹ́nu rí nítorí garawa omi. Oyún oṣù méje wà níkùn ìyàwó mi, ó sì ti búra pé òun ò ní bímọ sínú yàrá yẹn. Bí n kò bá rí ilé gbà, òun á padà sọ́dọ̀ ìyá òun.

Lórí rédíò, wọ́n ń pariwo pé ọ̀la ènìyàn dúdú ti dé. Èwo ló kàn mí? Ọ̀la tèmi ni fúláàtì, omi ẹ̀rọ tó ń yọ lára ògiri, àti ìyàwó mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ẹni tó bá dábùú ọ̀nà mi, mo lè pa á.

Lọ́jọ́ tí létà tí wọ́n fi pín ilé fún mi jáde, mo fò sókè lọ́fíìsì débi pé mo dojú àga dé. Mo ka orúkọ mi, mo ka nọ́ńbà ilé, mo ká a sápò. Ariwo tó gba ọ́fíìsì wa kan ni pé àwọn kan ti ń sá wọ ilé onílé ní Festac, pé bí o bá bá ẹnì kan nínú tìrẹ, kí o gbá a létí kó tó lanu. Ni mo bá mú ọ̀rẹ́ mi kan, dírẹ́bà ọ́fíìsì wa, ọkùnrin gìrìwò. A gba Mile 2 wọ Festac lọ́sàn-án ọjọ́ náà.

Mo kan ilẹ̀kùn. Ọkùnrin kan ṣí i díẹ̀, ẹ̀rún pákó kún orí rẹ̀. Mo rí ẹní nílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, mo rí ìkòkò lórí sítóòfù. Ara mi gbóná.

"Ẹ káàsán, sà. Ẹ mú létà wá?"

"Ta ni ìwọ tó o máa béèrè létà lọ́wọ́ mi? Jáde nílé mi!"

"Ẹ má bínú, ọ̀gá. Wọ́n ní n ò gbọ́dọ̀ jẹ́ kẹ́nikẹ́ni wọlé láìjẹ́ pé ó ka létà sí mi létí. Èmi ò mọ̀wé. Ẹ ṣáà kà á fún mi."

Háà! Kí èmi akọ̀wé ìjọba dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé mi, kí n máa kàwé fún káfíńtà! Mo fọ́ ọ létí. Kò kúrò. Ọ̀rẹ́ mi ta á nípàá níkùn, ó ṣubú sínú ilé, àwa náà rọ́ wọlé, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ṣì di férémù ilẹ̀kùn mú gírígírí. Mo gbá ilẹ̀kùn náà mọ́ ọwọ́ yẹn. Kò tú u. Mo tún gbá a, mo fi gbogbo agbára mi gbá a, mo sì gbọ́ tí eegun dún. Ó ké pe ìyá rẹ̀. Inú mi dùn. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: inú mi dùn gan-an.

Ó fi ọwọ́ òsì wá àpò rẹ̀. Mo rò pé ọ̀bẹ ló fẹ́ fà yọ, mo bá tún ta á nípàá léjìká. Kọ́kọ́rọ́ ló já bọ́, ó fi okùn so wọ́n pọ̀ mọ́ pákó pẹlẹbẹ kan tí wọ́n kọ nọ́ńbà ilé mi sí.

"Ẹ̀yin gan-an ni mò ń dúró dè," ó ń sunkún. "Èmi ni mo ṣe gbogbo ilẹ̀kùn ilé yìí. Ọ̀gá mi ní kí n máa ṣọ́ ọ títí onílé á fi dé, káwọn jàǹdùkú má baà gbà á."

Mo fa létà yọ. Ó wà nísàlẹ̀ pátápátá: kí n ka ìwé náà fún káfíńtà tí mo bá bá nínú ilé, yóò sì kó kọ́kọ́rọ́ fún mi. Mo ti ka orúkọ mi nínú létà yẹn bí ìgbà ogún lọ́jọ́ náà. N ò dé ìlà yẹn.

Ọ̀rẹ́ mi gbé e lọ sí ọsibítù. Bí káfíńtà náà ṣe ń jáde, ilẹ̀kùn ló ń wò, kò wò mí. Ó ní, "Ẹ rọra máa tì í, ọ̀gá. Tẹ́ ẹ bá ń gbá a báyẹn, kò ní pẹ́ bàjẹ́."

Ìyàwó mi bímọ sínú ilé náà. Ó ní ọkọ òun gbìyànjú, ó ń fi mí yangàn kiri. Mo wá káfíńtà náà lọ sí Amúwo-Ọ̀dọ̀fin, níbi tí wọ́n ti ń kọ́lé lọ́wọ́. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní wọ́n ti gé ìka mẹ́ta lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀, ó ti padà sílùú rẹ̀. Òun náà ní ohun tó ń lé, ṣọ́ọ̀bù tara rẹ̀ ní Mile 2, ó sì ti rí àyè níbẹ̀ kí nǹkan tó ṣẹlẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn wò mí láti òkè délẹ̀, ó bi mí bóyá mo mọ ẹni tó ṣe é.

Mo ní n ò mọ̀ ọ́n.

Ọ̀la ọmọ aráyé tí àwọn ọmọ yìí ń béèrè, irú mi ló ń bà mí lẹ́rù níbẹ̀: ẹni tó mọ ohun tó ń lé, tí kò sì ní ẹ̀mí àtidúró ka ìlà kan sí i. Mo máa lọ lọ́jọ́ Sátidé. Ìyàwó mi á jókòó níwájú, á máa rẹ́rìn-ín, òun náà ò sì gbọ́ ìtàn yìí rí. Màá kọ́kọ́ sọ fún wọn pé èmi ni mo ṣe é.