Ọlọ́ṣẹ àti Òòfà Ẹlẹ́nu Méjì

Nígbà tí mo kọ́kọ́ pàdé rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ síǹkì yàrá ìwádìí, ó ń fi ìka ro ọṣẹ tó ti rọ̀ nínú àwo, ó sì ń rẹ́rìn-ín sí i bí ẹni tó ń bá ọmọ ọwọ́ ṣeré. Abájọ tí gbogbo èèyàn fi ń pè é ní Ọlọ́ṣẹ.

Ìwà náà ti wà lára rẹ̀ láti kékeré. Tó bá wọ balùwẹ̀, á gbàgbé ọṣẹ sínú omi títí á fi di ohun tó ń yọ̀ bọ̀rọ́. Ìyá rẹ̀ á bá a wí, ọmọ kò ní gbọ́. Ohun tó ń rò ni pé ohun tó ń yọ̀ yìí ń ṣàn díẹ̀, ó sì ń dúró díẹ̀. Ṣé omi ni àbí òkúta?

Ilé-ẹ̀kọ́ gíga ló ti rí ìdáhùn. Nínú ọṣẹ tí a rẹ sómi, àwọn mólékù, ìyẹn àwọn èérún tí ojú kò lè rí, máa ń kóra jọ. Wọ́n lè kọjú síbì kan náà bí ọmọléèwé lórí ìlà, síbẹ̀ kí wọ́n máa rìn káàkiri bí omi. Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ ọn débi pé ó sọ ọ́ di iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀. Ó po ọṣẹ mọ́ omi kan tó wúwo díẹ̀ ju omi lásán lọ, ó rọ ọ́ sínú ìgò tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì tì í bọ àárín òòfà ńlá kan tó ní ẹnu méjì, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Òòfà ni yóò tò wọ́n. Ẹ̀rọ á wá ké sí omi náà, omi á dáhùn, ìdáhùn á sì hàn bí ìlà lórí bébà. Bí wọ́n bá tò dáadáa, ìlà á yọ ṣóńṣó méjì.

Àmọ́ òkìtì kan tó tẹ́ pẹrẹsẹ ló ń yọ ṣáá. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń kọ́ ọ kì í ṣe èèyàn burúkú, ṣùgbọ́n ó fún un ní gbèdéke: tí ṣóńṣó méjì kò bá yọ títí ọjọ́ Ẹtì, kó fi ọṣẹ sílẹ̀, kó mú iṣẹ́ mìíràn.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì náà, ó jókòó síwájú ìyá rẹ̀ tó ń dirun fún un. Bébà rẹ̀ wà lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì ń yíjú wò ó ṣáá.

“Gbé orí sójú kan.”

“Mo ti gbé e, Mọ́mì.”

“O tún ti yí i. Òòyà ń lọ síwájú, orí ń lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọmọ ẹlòmíì kàwé, ó di agbẹjọ́rò. Tèmi kàwé, ó ń rẹ ọṣẹ, kò tiẹ̀ wá lè jókòó jẹ́ẹ́.”

Ẹ̀rín fẹ́ pa á, àmọ́ ó dúró sí i lẹ́nu. Orí tó ń yí kiri kò ṣeé yà. Bàbá Ẹ̀rọ, arúgbó tó ń tọ́jú yàrá òòfà, kì í fi ìgò kankan sílẹ̀ lójú kan. Ó máa ń fẹ́ atẹ́gùn sí i kó máa pòòyì, kí ìlà lè tẹ́ẹ́rẹ́. Ó dára fún omi lásán. Ṣùgbọ́n kí òòfà tó mú mólékù ọṣẹ kọjú síbì kan, ìgò tó ń yí ti gbé wọn lọ síbòmíràn.

Ó fò dìde.

“Apá kan ṣì wà nílẹ̀ o!” ni ìyá rẹ̀ pariwo tẹ̀ lé e.

Nígbà tó sáré wọ yàrá òòfà, Bàbá Ẹ̀rọ wo irun rẹ̀. “Ta lò ń sá fún?”

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa atẹ́gùn yẹn.”

“Ohun tí kò bá yí níbí, ìlà rẹ̀ á sanra.”

“Ẹ jẹ́ kó sanra lónìí.”

Ó kùn, ó sì pa á. Ìgò dúró. Ọlọ́ṣẹ jókòó lé ọwọ́ ara rẹ̀ kó má baà fọwọ́ kan nǹkan. Bébà àkọ́kọ́ jáde: òkìtì. Èyí tó tẹ̀ lé e jáde, orí òkìtì ti tẹ̀ wọnú bí ìrọ̀rí tí wọ́n sùn lé. Nígbà tó yá, ṣóńṣó méjì dúró ṣánṣán lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.

Bàbá Ẹ̀rọ bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún wò. “Ọlọ́ṣẹ, ìbejì lo bí.”

Ọlọ́ṣẹ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n dé, ó wo bébà, ó wo orí rẹ̀. “Èwo ni kí n kọ́kọ́ béèrè?” Lẹ́yìn náà ló ní kó máa bá ọṣẹ rẹ̀ lọ.

Ó pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù. “Mọ́mì, ó ti pín sí méjì.”

“Irun rẹ náà pín sí méjì. Wá ká parí ẹ̀.”

Lónìí, òun ló ń tọ́jú yàrá òòfà náà. Ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ló ṣì ń gbé, àwo ọṣẹ balùwẹ̀ wọn sì níhò nídìí, kí omi lè máa jò dànù.