Àkísà Pupa Ara Ẹ̀rọ Ẹlẹ́rìndòdò

Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí ara mi ṣì gba àlàfo tóóró tó wà láàrin ògiri àti ẹ̀rọ ẹlẹ́rìndòdò bàbá mi, Uwasota là ń gbé ní ìlú Benin. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ máa ń fi àpótí pupa ńlá tó wà ní pálọ̀ mi ṣe yẹ̀yẹ́, tí ẹ ń bi mí pé kí ló dé tí n kò tà á fún àwọn tó ń ra irin àlòkù kiri, ẹ jókòó. Òní ni n ó sọ fún yín. N kò sọ ọ́ rí nígbà tí ìyá mi wà láyé, ìdí rẹ̀ yóò sì yé yín.

Fíríìjì ni bàbá mi ń tún ṣe ní Uselu. Ará Èkìtì ni, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá fẹ́ gbọ́ ohùn rẹ̀, ẹ bi í léèrè nípa àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ tó ń fúnra wọn ta ẹlẹ́rìndòdò. Ẹ ó ju owó onírin sí ihò kan lókè, mọ́tò kékeré tó ń lo iná nínú rẹ̀ á yí àgbá onírin tí wọ́n to ìgò sí, ìgò tútù kan á sì bọ́ sí ẹnu ihò ìsàlẹ̀. Àwọn òyìnbó ló kó wọn wá sí àwọn ilé ìgbafẹ́ àti ilé iṣẹ́ pákó. Nígbà tí wọ́n bàjẹ́, wọ́n jù wọ́n sẹ́yìnkùlé, wọ́n dípẹtà, adìẹ ń yé sínú wọn. Irú wọn ni bàbá mi máa ń wá kiri. Á ha ìpẹtà wọn, á kùn wọ́n lọ́dà, á fi ọwọ́ ara rẹ̀ rọ irin tó bá sọnù nínú wọn. Mẹ́rin ló wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa lákòókò tí mò ń wí yìí. Ìyá mi a máa sọ pé bí ẹnikẹ́ni bá bi òun pé ọmọ mélòó lòun ní, òun ò mọ̀ bóyá kí òun ka ẹ̀rọ mọ́ wọn.

Ẹ ò lè mọ ìwà iná ìgbà náà. Ó lè lọ lọ́jọ́ Ajé kó má dé títí di Ọjọ́bọ̀, ó sì lè dé lójijì bí àlejò tí kò kan ilẹ̀kùn. Nítorí náà, bàbá mi ní òfin kan. Ẹ̀rọ tó bá ń tún ṣe lọ́wọ́, yóò yọ púlọ́ọ̀gì rẹ̀ kúrò lára ògiri, yóò sì so àkísà pupa mọ́ ọn.

“Àkísà yìí ń sọ̀rọ̀ o,” ló máa ń wí. “Ó ń sọ pé ọwọ́ èèyàn wà nínú ẹ̀rọ. Ẹni tó bá tú u, kò yàtọ̀ sí ẹni tó fi àdá gé mi lọ́wọ́.”

Ìyá mi pàápàá, pẹ̀lú gbogbo ẹnu rẹ̀, kì í fọwọ́ kan púlọ́ọ̀gì tó bá ní àkísà lára.

Ní ọjọ́ Sátidé kan, ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì wa ku ọ̀la. Bàbá mi ti ṣèlérí pé ẹ̀rọ pupa tí ẹ ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ yẹn yóò tú ìgò jáde lójú gbogbo ìjọ. Ó ku irin kékeré kan tó fẹ́ fi sí i, ó so àkísà rẹ̀, ó lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Èmi ń se ẹ̀wà. Ẹ̀wà hó, ó ń dà sórí sítóòfù, mo wá ohun tí n ó fi sọ ìkòkò kalẹ̀, n kò rí. Mo sáré lọ tú àkísà pupa. Mo ní n ó dá a padà kíá. Àfi bí iná sítóòfù ṣe mú un lẹ́tí, kí n tó pa á, ìdajì rẹ̀ ti jóná. Mo fi í pamọ́ sábẹ́ bẹ́sìn.

Ibẹ̀ ni mo wà tí ìyá mi ń gbálẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó rí púlọ́ọ̀gì nílẹ̀, kò rí àkísà. “Ó ti wá ṣe tán nìyẹn,” ló wí. Ó ki púlọ́ọ̀gì bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì ara ògiri, kí ẹ̀rọ lè tutù kí ìkórè tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rọ náà ní táyà kéékèèké nísàlẹ̀, ó fi ìdí tì í mọ́ ògiri, púlọ́ọ̀gì sì pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀. Kò sí iná, nǹkan kan ò mì. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnì, mo rí gbogbo rẹ̀. Tí mo bá sọ̀rọ̀, wọn yóò béèrè àkísà. Ẹnu mi wúwo. Ìyá mi gbé báàgì rẹ̀, ó lọ sọ́jà.

Kò pẹ́ tí mo gbọ́ igbe àbúrò mi. Ọmọ ọdún márùn-ún ni. Ó ti rí owó onírin kan, ó jù ú sínú ẹ̀rọ, ìgò ò bọ́, ni ó bá ki apá bọ ihò ìsàlẹ̀ lọ wá a. Àgbá yí díẹ̀, ó sì há a lápá dé ìgbọ̀nwọ́. “Sista, my hand! E dey pain me!” Ẹ gbọ́ ohun tó ń dẹ́rù bà mí o: owó ti wà nínú ẹ̀rọ. Iná nìkan ló kù. Bí iná bá dé, mọ́tò yóò parí iṣẹ́ rẹ̀, apá ọmọ yóò sì wà láàrin.

Ìyá àgbà kan tó jẹ́ ọmọ Ẹ̀dó ń gbé ní yàrá tó tẹ̀ lé tiwa. Ó jáde, ó na ọwọ́ méjèèjì: “Make nobody draw am o! Una go comot the pikin hand!” Ó rán ọmọ rẹ̀ ọkùnrin gun ọ̀kadà lọ pe bàbá mi. Èrò pé. Mo lè rá wọ ẹ̀yìn ẹ̀rọ nígbà yẹn kí n yọ púlọ́ọ̀gì. N kò ṣe é. Wọn yóò bi mí ohun tí mò ń wá níbẹ̀. Mò ń sọ fún ara mi pé láti Ọjọ́rú ni kò ti sí iná, kò ní í dé lónìí náà. Ojú rẹ̀ ṣì ń tì mí títí di òní olónìí.

Bàbá mi dé. Kò jágbe mọ́ ẹnikẹ́ni. Ó tú iwájú ẹ̀rọ, ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ inú rẹ̀, ó ń fi agbára ti àgbá sẹ́yìn lórí apá ọmọ. Òógùn ń kán ní àgbọ̀n rẹ̀. Ìgbà náà ni ariwo sọ lápá òpópónà: “Light! Light don come!” Lọ́dọ̀ wa, iná kì í dé lẹ́ẹ̀kan náà. Òpópónà yẹn lá kọ́kọ́ rí i, tiwa á sì tẹ̀ lé e láìpẹ́.

Bàbá mi rẹ́rìn-ín músẹ́. “Jẹ́ kó dé,” ló wí fún àbúrò mi. “Má bẹ̀rù. Púlọ́ọ̀gì wà nílẹ̀.”

Ẹ̀rín yẹn ló la ẹnu mi. “Bàbá, ó wà lára ògiri! Mo tú àkísà! Ẹ jọ̀ọ́, mo tú àkísà!”

Ọwọ́ rẹ̀ ò kúrò. Bí ó bá yọ ọ́, àgbá yóò padà sórí apá ọmọ. Ó wò mí lẹ́ẹ̀kan. “Yọ ọ́,” ló wí, bí ẹni tó ní kí n bu omi wá.

Mo rá wọ ẹ̀yìn ẹ̀rọ. Irin kan ya mí léjìká, n kò mọ̀. Mo fọwọ́ wá ara ògiri nínú òkùnkùn, mo bá púlọ́ọ̀gì, ó le. Mo fi ẹsẹ̀ ti ògiri, mo fà á. Ó yọ sí mi lọ́wọ́. Mi ò tíì mí tán tí gílóòbù ọ̀dẹ̀dẹ̀ fi tàn, tí rédíò ìyá àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin. Ẹ̀rọ ò mì. Mo jókòó síbẹ̀, mo di púlọ́ọ̀gì mú, mo ń sunkún, n kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà á lọ́wọ́ mi títí bàbá mi fi yọ apá àbúrò mi jáde. Ó bó, ó wú, ṣùgbọ́n egungun rẹ̀ pé.

Nígbà tí ìyá mi dé tí ó gbọ́, ó wó lulẹ̀. “Èmi ni mo ki púlọ́ọ̀gì bọ ògiri! Kò sí àkísà lára rẹ̀, mo wò ó dáadáa!”

Mo la ẹnu. Bàbá mi ṣíwájú mi. “Òótọ́ lo sọ, kò sí. Mo gbàgbé láti so ó ni.”

Gbogbo aládùúgbò tó wà níbẹ̀ ló gbọ́ igbe mi, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó gbọ́ Yorùbá nínú wọn. Àbúrò mi kò gbọ́ ju ohùn ẹkún ara rẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ náà kú sáàrin èmi àti bàbá mi. Ìyá mi dìde, ó dojú kọ ọ́: “Ẹ̀yin tí ẹ máa ń fi àkísà dẹ́rù bà wá! Ẹ kó àwọn ẹ̀rọ yín kúrò nílé yìí!” Kò jiyàn. Láàrin oṣù yẹn, ó fi mẹ́ta nínú wọn sílẹ̀ fún onílé ìgbafẹ́ kan ní Ikpoba Hill. Mo rí i tó ń fọwọ́ nu ojú wọn kí wọ́n tó gbé wọn sọ́kọ̀. Pupa yìí nìkan ló bẹ̀bẹ̀ fún.

Kò nà mí. Ì bá sàn fún mi kó nà mí. Ó ní kí n mú àkísà jíjóná náà wá, ó ká a sápò. “Ìwọ ni àkísà báyìí,” ló wí. Láti ọjọ́ náà, bí ó bá ti fẹ́ ki ọwọ́ bọ ẹ̀rọ, èmi ni n ó jókòó tí n ó di púlọ́ọ̀gì mú. Títí mo fi jáde ilé ìwé girama, títí ọwọ́ rẹ̀ fi ń gbọ̀n.

Lọ́jọ́ ìsìnkú rẹ̀, ìyá mi ń sọ fún àwọn àlejò, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún: “Ọkọ mi ò gbàgbé nǹkan kan láyé rẹ̀, àfi àkísà ọjọ́ kan.” Mo tún la ẹnu, ẹnu mi tún wúwo. Ìyá mi lọ láìmọ̀. Lẹ́yìn náà ni mo ṣí àpótí owó inú ẹ̀rọ, mo bá àkísà náà níbẹ̀, ìdajì rẹ̀ dúdú. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Òní ló bá ti bàbá mi.

Ayé ti yí. Inú ike lẹ ti ń mu ẹlẹ́rìndòdò, oòrùn ló ń fún ẹlòmíràn níná, ẹ sì ń fi fóònù pa iná láti yàrá. Ó dára bẹ́ẹ̀. N kò sọ pé tiwa dára jù.

Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo fẹ́ nu inú ẹ̀rọ náà, mo pe ọmọ mi obìnrin, mo gbé púlọ́ọ̀gì lé e lọ́wọ́. Ó wò mí tìyanu-tìyanu.

“Mummy, light no dey now.”

“Mo mọ̀,” ni mo wí. “Dì í mú.”